Ìdáhùn Àwọn Ìyá Atokoligbé

Ní ọdún 1983, ọdún tí iná ìgbẹ́ jó oko àwọn ará Atokoligbé, Lydie ti lo ọdún kan ó lé díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ Bantè ní ilẹ̀ Benin ni, ọmọ aránṣọ, inú ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n sì bí i sí. Ó kàwé ní Savalou, ó gba ìwé ẹ̀rí, ìjọba sì gbà á síṣẹ́ pé kí ó máa kọ́ àwọn ìyá ní ohun tó yẹ kí ọmọ wẹ́wẹ́ máa jẹ. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, á gun mobilẹ́ẹ̀tì, alùpùpù kékeré rẹ̀, láti Bantè lọ sí Atokoligbé, á so òṣùwọ̀n kọ́ sí ẹ̀ka igi máńgòrò tó wà níwájú ilé olórí abúlé, wọ́n á gbé àwọn ọmọ kọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tẹkún tẹkún, á sì kọ ìwọ̀n wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni á tẹ́ àwọn àwòrán oúnjẹ sórí ẹní, á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín oúnjẹ sí. Èyí tó ń mú ọmọ dàgbà ni ẹyin, ẹja, ẹran, ẹ̀wà àti ẹ̀pà. Èyí tó ń fún un lágbára ni iṣu, àgbàdo àti gbàgùdá. Ẹ̀fọ́ àti èso ló ń lé àìsàn. Lydie mọ̀ ọ́n sọ. Kì í pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni, kì í fi ìwé tó kà yangàn, èdè Isha tí wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà ló fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ níṣẹ́, olùkọ́ kan ti sọ fún wọn pé àìmọ̀ ló ń pa ọmọ, pé ìyá tó bá ti mọ ohun tó yẹ, ọmọ rẹ̀ kò ní rù. Lydie gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ bí ó ṣe gba Sáàmù gbọ́.

Oṣù kejì ọdún náà ni Moutiatou kọ́kọ́ wá jókòó lábẹ́ igi máńgòrò. Ọmọ Atokoligbé ni, ṣùgbọ́n ó ti lo ọdún mẹ́fà ní Nàìjíríà pẹ̀lú Razack, ọkọ rẹ̀, tó ń ṣe bíríkìlà níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ní kí àwọn àlejò máa lọ sílé wọn, Razack fi ìyàwó àti ọmọ méjì sínú ọkọ̀ akẹ́rù, ó ní òun yóò tẹ̀ lé wọn tí òun bá parí ilé tí òun ń mọ lọ́wọ́. Kò tíì dé. Salimatou, èyí àgbà nínú àwọn ọmọ náà, jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Adamou tó tẹ̀ lé e ti lé lọ́dún kan, ó ti ń di ògiri mú rìn.

Nínú gbogbo àwọn obìnrin náà, kò sẹ́ni tó ń fetí sílẹ̀ bíi Moutiatou. Iwájú pátápátá ló máa ń jókòó. Bí Lydie bá gbé àwòrán kan sókè tó bèèrè iṣẹ́ tí oúnjẹ yẹn ń ṣe nínú ara, òun ló máa ń kọ́kọ́ dáhùn, pẹ̀lú ohùn Nàìjíríà tó ti wọ èdè rẹ̀. Lydie fẹ́ràn rẹ̀. Ó tilẹ̀ sọ fún ìyá rẹ̀ nílé pé bí obìnrin mẹ́wàá bá lè dà bíi Moutiatou, iṣẹ́ òun ti parí ní Atokoligbé.

Ní oṣù kẹta, ìwé tuntun dé láti Savalou. Wọ́n ní kí Lydie bi ìyá kọ̀ọ̀kan léèrè ohun tí ọmọ rẹ̀ jẹ lánàá, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́. Obìnrin mọ́kàndínlógún ló wá lọ́jọ́ náà.

"Ẹ̀wà, Tàǹtí," ni ẹni àkọ́kọ́ wí. Tàǹtí, bí ẹní ń pe àǹtí, ni wọ́n ń pe Lydie.

"Ẹ̀kọ tí mo lọ ẹ̀pà sí."

"Ẹyin. Àti ẹ̀fọ́ díẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ títí ó fi kan ẹni ìkẹyìn. Inú Lydie dùn débi pé bíírò rẹ̀ ń sáré lórí ìwé. Lóòótọ́, ohun tí òṣùwọ̀n sọ kò bá tàwọn obìnrin náà mu, nítorí ọmọ mọ́kànlá ni ìwọ̀n wọn ti wálẹ̀ sí ti oṣù tó kọjá. Ṣùgbọ́n ooru mú lọ́dún náà, omi kànga ti di ẹrẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru sì ń ṣe àwọn ọmọ. Ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé pé ìgbẹ́ gbuuru ló fà á. Jean-Baptiste, ọ̀gá rẹ̀ ní Savalou, ka ìwé náà tán, ó ní, "Kámáràdì Lydie, iṣẹ́ tí à ń wí nìyí." Kámáràdì ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń pe ara wọn láyé ìgbà náà.

Ní oṣù kẹrin, Moutiatou gbé Adamou wá. Ọmọ náà kò sunkún nígbà tí wọ́n gbé e kọ́ òṣùwọ̀n. Ìwọ̀n rẹ̀ lọ sókè díẹ̀, inú Lydie sì ti fẹ́ máa dùn kí ó tó rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì wú, wọ́n ń dán. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀kan, ibi tó tẹ̀ jin sínú, kò sì tètè dìde. Irun ọmọ náà ti fẹ́lẹ́, ó pọ́n bí irùkẹ̀rẹ̀ àgbàdo. Adamou ń wò ó láìrẹ́rìn-ín, láìbínú, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò kàn án.

"Ìyá Salimatou, kí ni Adamou ń jẹ?"

"Ẹ̀wà, Tàǹtí. Àti ẹyin."

Inú bí Lydie. Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà á, ẹ̀rù náà ló di ìbínú. "Ọmọ tó ń jẹ ẹyin kì í rí báyìí," ó wí, lójú gbogbo wọn. "Àfi tí ẹlòmíràn bá ń bá a jẹ ẹ́."

Moutiatou tẹrí ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ aṣọ fún ọmọ rẹ̀. Àwọn yòókù ń wo ilẹ̀. Kò sí ẹni tó gbè é, kò sì sí ẹni tó gbè sẹ́yìn Lydie.

Nígbà tí wọ́n túká, Lydie tẹ̀ lé e lọ sílé. Yàrá kan ni Moutiatou àti ìyá ọkọ rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ìkòkò kan wà lórí ààrò. Lydie bẹ̀ ẹ́ kí ó ṣí i fún òun. Ọkà láfún ló wà níbẹ̀, èyí tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Ọbẹ̀ ewé wà nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ṣàn bí omi, kò sí ẹja níbẹ̀, kò sí irú. Adìẹ kan ṣoṣo ń tọlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Adìẹ yẹn ń yé," ni Moutiatou wí kí Lydie tó bèèrè. "Mi ò purọ́ ìyẹn. Tó bá yé mẹ́ta, mo máa ń kó o lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta láfún, á wọn láfún fún mi. Tí n bá fún Adamou ní ẹyin kan, òun nìkan ló jẹ ẹ́. Láfún yẹn, àwa mẹ́rin là ń jẹ ẹ́."

"Kí ló dé tí ẹ fi ń sọ fún mi pé ẹ̀wà ló ń jẹ?"

Moutiatou wò ó bí ẹni tí ìbéèrè náà yà lẹ́nu. "Ẹ ti kọ́ wa ní ìdáhùn rẹ̀, Tàǹtí. Nígbà tí ẹ wá bi wá, ṣé n óò dáhùn òmíràn níwájú àwọn èèyàn?"

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Ta ló ní ẹ̀wà ní Atokoligbé báyìí? Èyí tó wà nínú abà, iná jó o mọ́ abà. Ìwọ̀nba tó kù, wọ́n ń pa á mọ́ de òjò kí wọ́n lè rí gbìn. Ojú ló ń tì wá. Ẹ̀ ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ nínú oòrùn, tí a bá sì dáhùn dáadáa, ẹ máa ń rẹ́rìn-ín."

Lydie jókòó sórí àpótí tí ìyá àgbà gbé fún un. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó mọ̀, Moutiatou mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ kejì ló gbéra lọ sí Savalou. Jean-Baptiste kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ó dìde, ó mú ìwé kan jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù.

"Wàrà àti ìyẹ̀fun kan wá láti òkè òkun lóṣù tó kọjá," ó wí. "Ogún àpò. Abúlé tó wà lọ́wọ́ wa lé ní ọgọ́ta. Báwo ni kí á ṣe pín in? Ibi tí ìdáhùn àwọn ìyá ti burú jù la kó o lọ. Tchetti rí gbà, àwọn abúlé mẹ́ta mìíràn rí gbà." Ó yí ìwé náà sọ́dọ̀ rẹ̀. "Wo Atokoligbé. Ẹyin, ẹ̀wà, ẹ̀pà. Ọwọ́ rẹ ló kọ ọ́."

Lydie wo ìwé náà. Ó tún ti kọ ọ́ dáadáa, láìsí àbàwọ́n kan.

"Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni mo kọ, ọ̀gá. Èmi ni mo sì kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n sọ."

Jean-Baptiste pa ìwé náà dé. "Kọ òmíràn. N óò fi ránṣẹ́ sí Cotonou. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé nǹkan kan yóò dé kí oṣù kẹwàá tó pé."

"Oṣù kẹrin la wà yìí."

"Mo mọ oṣù tí a wà." Ó jókòó padà. "Lydie, ọ̀rọ̀ ni wọ́n gbà wá láti máa sọ. Èmi náà, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ni oúnjẹ."

Lydie kò padà sílé lọ́jọ́ náà. Tchetti ló gbà lọ, sọ́dọ̀ Siméon tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́. Siméon ṣí ilẹ̀kùn yàrá ìkẹ́rù fún un. Àpò méjì ló kù. Àwọn obìnrin ti tò sí ìta pẹ̀lú abọ́ wọn, Lydie sì rí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn wọn. Wọ́n wú bíi ti Adamou.

"Nínú wọn, ta ni kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?" ni Siméon wí. Kò fi ṣe ẹ̀gàn. Ó ń bèèrè ni.

Siméon bu wàrà kún agolo kan, ó fi bébà dé e, ó gbé e fún Lydie.

Lydie gbé agolo náà fún Moutiatou, ó sì tó Adamou fún ọjọ́ mẹ́fà. Ì bá tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọmọ aládùúgbò kan pẹ̀lú ń wú, ìyá rẹ̀ sì rí i nígbà tí Moutiatou ń po wàrà. Moutiatou kò lè fún ọmọ tirẹ̀ kí tẹnìkejì máa wò. Ní ìparí oṣù kẹrin, Lydie ra ẹ̀wà ní Bantè, ó gbé e wá sílé Moutiatou. Nígbà tó máa fi jáde, obìnrin méje ti dúró lójú ọ̀nà, wọ́n kàn kí i. Ó kí wọn padà, ó gun mobilẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ojú sì tì í títí ó fi dé Bantè.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wá ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí Savalou, ó mú Moutiatou àti Adamou lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n gbà wọ́n. Wọ́n ń fún ọmọ náà ní wàrà díẹ̀díẹ̀, tọ̀sán tòru. Ní ọjọ́ keje, wíwú ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, egungun rẹ̀ sì hàn, ó ṣe wọ́n bí ẹni pé ọmọ mìíràn ni wọ́n gbé wá. Ní ọjọ́ kẹjọ, ó sunkún. Nọ́ọ̀sì ní ó dára bẹ́ẹ̀, ọmọ tó bá lè sunkún ti ń padà bọ̀. Moutiatou fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ẹnì kan ti Atokoligbé wá jíṣẹ́ pé ara Salimatou gbóná, pé ìyá àgbà kò lè gbé e, kò sì sí láfún nílé mọ́.

"Ẹ dúró ní ọ̀sẹ̀ méjì péré sí i," ni Lydie bẹ̀ ẹ́.

"Ta ni yóò wo Salimatou?"

Lydie ní ọjọ́ iṣẹ́ ní abúlé mẹ́rin mìíràn lọ́sẹ̀ náà. Ó ronú sí ìyá tirẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń dùn, ó ronú sí àwọn obìnrin ìjọ wọn, kò rí ẹni tó lè rán. Moutiatou di ẹrù rẹ̀. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀. Ó pọn Adamou, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì lọ́kọ̀ọ̀kan.

Adamou kú ní oṣù kẹfà, ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n sì sin ín kí wọ́n tó kírun ọ̀sán. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Àwọn èèyàn ti ń gbin ẹ̀wà tí wọ́n pa mọ́. Salimatou ti gbádùn.

Nígbà tí Lydie dé Atokoligbé ní oṣù keje, Moutiatou wá, ó jókòó síwájú bí ó ṣe máa ń ṣe, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo lórí itan rẹ̀. Lydie kí i ní ìkíni ọ̀fọ̀, Moutiatou dáhùn. Lọ́jọ́ náà, Lydie kò mú àwòrán jáde. Ó ṣí ìwé, ó bi wọ́n pé kí ló wà nílé.

Adjara, ìyá àgbà kan tó ń tọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀, ló bèèrè pé, "Tàǹtí, ṣé èyí tí ẹ kọ́ wa lẹ fẹ́ gbọ́, àbí èyí tó wà nínú ìkòkò?"

"Èyí tó wà nínú ìkòkò, Ìyá."

"Ó dáa. Láfún."

"Láfún," ni ẹni kejì wí.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín díẹ̀, ojú sì ti ẹni náà. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni Lydie ń kọ ọ́. Nígbà tó kan Moutiatou, ó ní, "Láfún ni. Adamou náà, láfún ni ó jẹ títí." Lydie kọ tirẹ̀ náà.

Ìwé náà lọ sí Cotonou. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, Jean-Baptiste ránṣẹ́ pè é, ó sì ka èsì tó dé fún un. Àwọn ọ̀gá òkè kọ ọ́ pé ní oṣù kẹta, àwọn ìyá Atokoligbé ń fún ọmọ wọn ní ẹyin àti ẹ̀wà. Ní oṣù keje, láfún nìkan ni. Kí ni olùkọ́ wọn ń kọ́ wọn láàárín oṣù mẹ́rin? Wọ́n ní kí ó ṣàlàyé ara rẹ̀, wọ́n sì ní kí ìgbéga tó yẹ kó gbà lọ́dún náà dúró ná.

"Òótọ́ ni mo kọ," ni Lydie wí.

"Mo mọ̀. Ìtẹ̀síwájú ni wọ́n ń retí."

Ó jókòó lọ́fíìsì náà, ó kọ àlàyé ojú ewé méjì. Kò sí ẹni tó dá a lóhùn.

Àpò mẹ́fà dé Atokoligbé ní ìparí oṣù kẹwàá. Iṣu tuntun ti jáde láti oṣù kẹjọ, ẹ̀wà ń gbẹ lójú oòrùn níwájú gbogbo ilé. Àwọn obìnrin gba ìyẹ̀fun náà tọpẹ́tọpẹ́. Àwọn kan fún adìẹ wọn jẹ. Nínú àwọn ọmọ mọ́kànlá tí ìwọ̀n wọn wálẹ̀ ní oṣù kẹta, mẹ́rin kò sí mọ́.

Razack dé ní oṣù kejìlá. Wọ́n ti fi í sí àtìmọ́lé fún oṣù mẹ́ta ní Nàìjíríà, kò sì rí ẹni tó lè rán níṣẹ́ sílé, àwọn ará ilé náà kò sì mọ ibi tí wọ́n lè ránṣẹ́ sí i. Ọjọ́ kẹta tó dé, ó wá sílé àwọn Lydie ní Bantè ní ọ̀sán. Ọkùnrin gíga kan ni, ó ti rù. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó jókòó sétí àga.

"Kì í ṣe ìjà ni mo bá wá," ó wí. "Ìyàwó mi ń ka gbogbo rẹ̀ fún mi, èyí tó ń mú ọmọ dàgbà, èyí tó ń lé àìsàn. Ó mọ̀ ọ́n ju bí mo ṣe mọ iṣẹ́ mi lọ. Mo kàn fẹ́ bi yín, èwo ni kò ṣe nínú rẹ̀?"

"Kò sí. Ohun tí agbára rẹ̀ ká, ó ṣe é."

"Kí wá ni ẹ̀kọ́ náà wúlò fún?"

Láti oṣù kẹfà ni Lydie ti ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí, ìdáhùn kékeré kan ló sì rí. "Ó wúlò fún ọjọ́ tí nǹkan bá wà nílé," ó wí. "Tí ẹ̀wà bá wà, tí ẹyin bá ṣẹ́kù, kí ìyá mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n sọ fún mi pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà sì lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn."

Razack mi orí. Ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹ̀wà wà nílé báyìí," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó dìde, ó dúpẹ́, ó sì gba ojú ọ̀nà Atokoligbé lọ, ẹsẹ̀ ló fi rìn. Ìyá Lydie pè láti ilé ìdáná, ó bèèrè bóyá àlejò náà mu omi. Lydie ní kò mu. Òun kò rántí láti fún un.